Òtútù lẹ́yìn eré ọ̀nà jíjìn: ìtàn kan àti gbólóhùn mẹ́ta

1. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀

Ẹni tó bá dúró níbi tí eré ọ̀nà jíjìn ti ń parí yóò rí ohun kan tó yani lẹ́nu. Àwọn tó ti sáré kìlómítà méjìlélógójì, tí òógùn ṣì ń kán lójú wọn, a máa gbọ̀n rìrì. Eyín wọn a máa lu ara wọn, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ. Oòrùn lè wà lókè. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, ooru ni wọ́n ń ráhùn sí. Kí ló dé tí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná bẹ́ẹ̀ fi wá di ẹni tí òtútù ń mú?

Nínú ìwé yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe dé ìdí ìbéèrè yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀, ikú ló kọ́ wọn. Èmi kì í ṣe dókítà. Èdè ni mò ń kọ́ni. Ohun tó fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí mo ṣe ń ka ìtàn náà, mo ń rí i pé ìdàrúdàpọ̀ kan náà ń padà wá: àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ kan pe ohun mẹ́ta. Yorùbá ní gbólóhùn mẹ́ta fún ohun mẹ́ta náà:

(1) Òtútù ń mú un.
(2) Ó ń gbọ̀n.
(3) Ara rẹ̀ tutù.

Nínú (1), òtútù ni olùwà, ẹni náà ni àbọ̀. Ohun tí ẹni náà ń mọ̀ lára ni gbólóhùn yìí ń sọ, òun nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí i. Àwọn ẹbí rẹ̀ ni *ebi ń pa mí*, *òùngbẹ ń gbẹ mí*, *ooru ń mú mi*. Nínú (2), ẹni náà fúnra rẹ̀ ni olùwà. Ohun tí iṣan ara rẹ̀ ń ṣe ni gbólóhùn náà ń ròyìn, ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí ló sì lè fi ojú rí i. Nínú (3), *ara* ni olùwà, *tutù* ni ọ̀rọ̀-ìṣe; ipò tí ara wà ni, ọwọ́ tó kàn án tàbí ohun èlò tí a fi ń wọn ooru ara ló lè sọ ọ́. Ìmọ̀lára, ìṣe, ipò: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábà máa ń rìn pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń rò pé ọ̀kan ni wọ́n.

Àwọn èdè méjì tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lágbègbè wa kò pín in báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ń fi *he is cold* sọ ìmọ̀lára àti ipò pọ̀. Faransé ní *il a froid* àti *il est froid*, ṣùgbọ́n bí a bá sọ èkejì nípa ènìyàn, ìwà rẹ̀ ni olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ rò. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn òtútù nínú eré ọ̀nà jíjìn jẹ́ ìtàn ìgbà tí gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí pínyà, àti pé ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n lè pínyà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tó fẹ́ ràn lọ́wọ́.

2. Nígbà tí ooru nìkan ni ọ̀tá

Láti ìgbà tí marathon ti wọ inú eré Òlíḿpíìkì ní 1896, ooru ni ohun tí a ń bẹ̀rù níbẹ̀. Ìdí wà fún un. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 1908, ní London, Dorando Pietri láti Ítálì ló kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré. Ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó gba ọ̀nà òdì, ó ṣubú lẹ́ẹ̀márùn-ún, àwọn aláṣẹ eré sì ń gbé e dìde títí ó fi kọjá ìlà òpin. Nítorí ìrànlọ́wọ́ yẹn ni wọ́n ṣe gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi fún Johnny Hayes ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1912, ní Stockholm, ti Francisco Lázaro burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ Pọ́túgàl yìí ṣubú nígbà tó ti sáré nǹkan bí 30 kìlómítà nínú ooru líle, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rá ni wọ́n ní ó fi pa ara kí oòrùn má baà jó o, ọ̀rá sì máa ń dí ọ̀nà òógùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1954, ní Vancouver ní Kánádà, Jim Peters ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ pápá nígbà tí ẹni tó tẹ̀lé e ṣì wà ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Kò parí eré náà, kò sì tún sá marathon mọ́ láyé rẹ̀.

Irú ìtàn wọ̀nyí ló kún ọkàn àwọn ènìyàn fún ìdajì ọ̀rúndún. Bí sáré-sáré bá ṣubú, ibòji ni, omi tútù ni, abẹ̀bẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ní ìdí láti wá òtútù níbi tí òógùn ti ń ṣàn. Inú omi ni ìmọ̀ òtútù ti kọ́kọ́ jáde wá.

3. Ẹ̀kọ́ láti inú omi

Ní oṣù Kẹjọ 1875, Matthew Webb wẹ omi òkun tó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, èyí tí a mọ̀ sí La Manche. Ó lò tó wákàtí méjìlélógún nínú omi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1926, Gertrude Ederle ará Amẹ́ríkà di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ní wákàtí mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Àwọn méjèèjì fi ọ̀rá pa ara. Ohun tí a ní Lázaro lò sí ooru, òun ni àwọn wọ̀nyí lò sí òtútù.

Ní 1955, àwọn oníṣègùn méjì, Griffith Pugh àti Otto Edholm, tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet nípa àwọn òmùwẹ̀ La Manche. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe ọ̀rá tí a fi pa ara lóde ló ń gba òmùwẹ̀ là bí kò ṣe ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ. Omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tó sanra tó sì ń wẹ̀ kíkankíkan lè pẹ́ nínú omi tí yóò mú kí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ máa gbọ̀n láìpẹ́. Pugh fi ara rẹ̀ wọ inú ìwádìí náà, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kò lè pẹ́ nínú omi náà bí Jason Zirganos, òmùwẹ̀ láti Gíríìsì tí wọ́n fi ara rẹ̀ wé.

Àmọ́ Zirganos yìí kan náà kú ní 1959, nígbà tó ń gbìyànjú láti wẹ omi tó wà láàrin Ireland àti Scotland, tó tutù ju La Manche lọ. Ẹni tí òtútù kì í tètè mú ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tutù. Níhìn-ín ni gbólóhùn (1) àti (3) ti kọ́kọ́ pínyà nínú ìtàn wa. Bí òtútù kò bá mú ènìyàn, ìyẹn kò sọ pé ara rẹ̀ kò tutù.

4. Oṣù Kẹta 1964: òkú mẹ́ta lórí òkè

Láti 1957 ni àwọn ọ̀dọ́ Scout ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìdíje ìrìn kan tí wọ́n ń pè ní Four Inns, lórí àwọn òkè Derbyshire. Nǹkan bí 72 kìlómítà ni, ilé ìtura mẹ́rin sì ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1964, nǹkan bí 240 ọ̀dọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, ìjì ń fẹ́, afẹ́fẹ́ tutù. Ọ̀pọ̀ wọ aṣọ tó tó fún ìrìn kíákíá lọ́jọ́ tó dára. Àwọn tó parí rẹ̀ kò ju 22 lọ. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kú.

Pugh náà ni wọ́n pè. Òun ló ti bá àwọn tó kọ́kọ́ gun òkè Everest lọ ní 1953 gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn tó ń ṣèwádìí ara ènìyàn lórí òkè gíga. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde nínú The Lancet lọ́dún 1964 yẹn kan náà, lẹ́yìn náà ó wọn aṣọ gbígbẹ àti aṣọ tútù nínú yàrá ìwádìí. Ohun tó rí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti tò ó pọ̀ báyìí rí. Ẹni tó ń rìn kíákíá ń ṣe ooru tó pọ̀ tó láti borí òjò àti ìjì. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ooru tó ń ṣe á sì dínkù. Aṣọ tí omi wọ̀, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, kò ní agbára láti di ooru mú mọ́. Nítorí náà àárẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún òtútù. Ẹni náà kò ní láti jókòó sínú yìnyín kí ó tó kú. Òjò, afẹ́fẹ́ àti àárẹ̀ ti tó.

Ẹ̀kọ́ kejì tó wà nínú irú ikú báyìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè. Ẹni tí ara rẹ̀ ń tutù jù a máa kọsẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a wúwo, a máa bínú láìnídìí, tàbí kí ó dákẹ́ pátápátá. Àwọn tó ń bá a rìn a ní, *Ó ti rẹ̀ ẹ́*. Òótọ́ ni pé ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́ yẹn bo gbólóhùn mìíràn tó yẹ kí wọ́n sọ mọ́lẹ̀: ara rẹ̀ ti tutù. Bí a bá bi í pé, *Ṣé òtútù ń mú ọ?*, ó lè dáhùn pé rárá.

5. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ní 1967, Pugh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Corbett àti Johnson, tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn tó sá marathon. Wọ́n rí i pé ooru inú ara sáré-sáré lè kọjá 40°C ní ìparí eré láìjẹ́ pé ó ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 37°C ni ti ẹni tó jókòó. Báwo ni ẹni tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń gbọ̀n?

Nínú agbára tí iṣan ń lò nígbà eré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń gbé ẹsẹ̀. Ìdá mẹ́ta yòókù ń di ooru. Kí ooru náà lè jáde, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wá sí awọ ara, òógùn á sì jáde. Òógùn lítà kan tó bá gbẹ lára ń kó nǹkan bí 580 kìlókálórì lọ. Nígbà tí sáré-sáré bá kọjá ìlà òpin tó sì dúró, iṣan dẹ́kun láti ṣe ooru lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní awọ ara, òógùn ṣì ń gbẹ, aṣọ ṣì tutù, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́. Iná ti kú nínú ààrò, fèrèsé ṣì ṣí sílẹ̀. Awọ ara ló kọ́kọ́ tutù, ọpọlọ sì ń gba ìròyìn láti awọ ara. Ìyẹn ni ẹni náà fi lè máa sọ pé òtútù ń mú òun nígbà tí inú ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Gbígbọ̀n ni ìdáhùn ara. Iṣan á máa sún kì láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ooru lè wá. Ó lè sọ ooru ara di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ni gbígbọ̀n, iṣẹ́ sì nílò oúnjẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eré ọ̀nà jíjìn ti ná ṣúgà tó wà nínú iṣan rẹ̀. Ní 1973, Haight àti Keatinge fi hàn pé ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ara pípẹ́, tó sì mu ọtí lé e, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi pé ara kò ní lè dáàbò bo ooru rẹ̀ mọ́ nínú òtútù. Ìdí nìyí tí ohun mímu gbígbóná tó dùn fi wúlò lẹ́yìn eré, tí ọtí kò sì wúlò.

Bí ara bá sọ̀ kalẹ̀ sí 35°C, ó ti kọjá ààlà. Bí ó bá ń sún mọ́ 32°C tàbí tó bá kọjá rẹ̀ sísàlẹ̀, gbígbọ̀n a máa dáwọ́ dúró. Kì í ṣe pé ara ti yá. Agbára ló tán. Àwọn kan tilẹ̀ a máa bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀ nígbà yẹn, nítorí pé ooru ni wọ́n rò pé ó ń mú wọn.

6. Nígbà tí èrò pọ̀

Títí di ọdún 1970, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń sá marathon. Ní ọdún yẹn, eré àkọ́kọ́ ti New York ní 127 ènìyàn, 55 ló sì parí rẹ̀. Ní 1981 tí London bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nínú òjò oṣù Kẹta, àwọn tó parí ti ju 6,000 lọ. Kì í ṣe ọ̀gá eré nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ń sáré fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń rìn ní kìlómítà tó kẹ́yìn, ooru tí wọ́n ń ṣe sì kéré. Ohun tí Pugh rí lórí òkè Derbyshire ti wọ ìlú.

Aṣọ fàdákà tí a ń rí léjìká àwọn sáré-sáré lónìí wá láti ibi tí a kò rò. NASA ló ṣe irú rẹ̀ ní 1964 fún iṣẹ́ òfuurufú: rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tẹ́. Ó ń dá ooru padà sára, ó sì ń dí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní iná nínú. Ẹni tó ṣì ń ṣe ooru ló ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ti dákẹ́ nílò ooru láti ibòmíràn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin 2018, eré Boston bọ́ sínú òjò tútù àti afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kọ ojú àwọn sáré-sáré. Yuki Kawauchi láti Japan àti Des Linden ará Amẹ́ríkà ló borí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá eré tí a ń retí jáwọ́ lójú ọ̀nà, òtútù sì gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Boston ní àgọ́ ìtọ́jú, ọkọ̀, ilé, ojú pópó. Níbi tí kò ti sí nǹkan wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ a máa yàtọ̀.

7. Gansu, 2021

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021, ènìyàn 172 bẹ̀rẹ̀ eré 100 kìlómítà nínú àwọn òkè tó wà nítòsí Odò Yẹ́lò, ní Baiyin, ní ìpínlẹ̀ Gansu ní Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ wọ ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́. Ẹ̀wù tó ń dí afẹ́fẹ́ kò sí lára ohun tí wọ́n fi dandan lé. Ní ọ̀sán, ojú ọjọ́ yí padà lójijì: ìjì, òjò dídì, yìnyín. Àwọn tó wà níwájú, tí wọ́n yára jù lọ, ti wà lórí òkè tí ọkọ̀ kò lè dé. Ènìyàn 21 kú. Liang Jing, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá eré ọ̀nà jíjìn ní Ṣáínà, wà nínú wọn.

Darandaran kan tó ti sá wọ inú ihò àpáta gba ẹ̀mí mẹ́fà là. Ó dá iná, ó fi aṣọ ìbora bò wọ́n. Ooru láti ìta ló fún wọn, nítorí tiwọn ti ń tán lọ. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìjọba Ṣáínà dá irú eré eléwu bẹ́ẹ̀ dúró.

Láàárín 1964 àti 2021, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà. Òjò, afẹ́fẹ́, aṣọ fẹ́lẹ́ àti àárẹ̀ kan náà ni. Ìmọ̀ ti wà nínú ìwé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ohun tí kò sí ni ìmọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, ní ọ̀rọ̀ tó lè lò ní ìṣẹ́jú kan.

8. Bí a ṣe lè lo gbólóhùn mẹ́ta

Bí a bá padà sí gbólóhùn (1), (2) àti (3), a lè to àwọn ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa báyìí.

(a) Òtútù ń mú un, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ kò tíì tutù. Èyí ni ti ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí eré. Aṣọ gbígbẹ, ohun mímu dídùn tó gbóná, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé: ó máa ń tán láàárín àkókò díẹ̀.

(b) Òtútù ń mú un, ó ń gbọ̀n, ara rẹ̀ tutù. Ewu ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ara ṣì ń jà. Bó ṣe ń gbọ̀n yẹn, ìròyìn rere ni.

(d) Ara rẹ̀ tutù, kò gbọ̀n mọ́, òtútù kò mú un mọ́. Èyí ni ó burú jù. Ẹni tó bá gbọ́ (1) àti (2) nìkan yóò rò pé ara rẹ̀ ti yá. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má fi ipá gbé e rìn, kí wọ́n wá ooru àti dókítà fún un kíákíá.

(e) Òtútù ń mú un, bóyá ó tilẹ̀ ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná. Ẹni tí ooru eré fẹ́ pa lè sọ pé òtútù ń mú òun, irun ara rẹ̀ sì lè nàró. Bí a bá fi aṣọ bò ó, a ń sé ooru mọ́ ọn. Ní eré Falmouth ní Amẹ́ríkà ní 1978, ooru ara Alberto Salazar dé nǹkan bí 42°C. Omi yìnyín ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ aṣọ.

Ohun kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹni tó mu omi púpọ̀ jù nígbà eré, tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dínkù, ara rẹ̀ lè máa jà. Nínú 488 sáré-sáré Boston tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro iyọ̀ yìí. Yorùbá ti ya ìyẹn náà sọ́tọ̀: *gìrì mú un* kì í ṣe *ó ń gbọ̀n*.

Ẹ ṣàkíyèsí pé (a) àti (e) bá ara wọn dọ́gba nínú (1) àti (2). Gbólóhùn (3) nìkan ló yà wọ́n, òun ni a kì í sábà béèrè. Ìtọ́jú ọ̀kan sì ni ikú èkejì.

9. Ibà, palu, àti ọ̀rọ̀ náà *tútù*

Ohun méjì nínú èdè wa lè dí wa lójú.

Èkíní ni ibà. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, bí ènìyàn bá ń gbọ̀n, palu ni a kọ́kọ́ ń pè é, a kì í sì í ṣe aláìnídìí. Nínú ibà, ọpọlọ ti gbé ìwọ̀n ooru tó fẹ́ sókè. Ara wá ń gbọ̀n kí ó lè dé ibẹ̀. Camillo Golgi ní Ítálì ti fi hàn láàárín àwọn ọdún 1880 pé ìgbà tí kòkòrò ibà bá ń fọ́ jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ni òtútù ibà máa ń dé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ni yóò kọjá kí ibà tó dìde. Eré àná kò lè fa ibà òní. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé àwọn méjèèjì pàdé lára ẹnì kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tí gbígbọ̀n rẹ̀ kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn aṣọ gbígbẹ àti oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì gbé oògùn palu fún ẹni tó wà ní ipò (d) ti fi àkókò ẹni náà ṣòfò.

Èkejì ni pé *tútù* jẹ́ ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu wa. A ń gbàdúrà kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù; oníwà tútù ni a ń yìn. Bí ẹni tó ń jà tí ó sì ń gbọ̀n bá wá dákẹ́, tí ojú rẹ̀ rọ̀, tí kò ráhùn mọ́, gbogbo ìmọ̀ tí èdè fi sí wa lọ́kàn ń sọ fún wa pé àlàáfíà ti dé. Lẹ́yìn eré ọ̀nà jíjìn nínú òjò, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ó mú wa sáré.

10. Iṣẹ́ tó kù fún wa

Nígbà tí àwọn atúmọ̀ èdè bá dé orí *hypothermie*, tí a fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì hun pọ̀ láti sọ pé ooru wà nísàlẹ̀, ó máa ń wù wọ́n láti fi *òtútù* ṣe ìpìlẹ̀: òtútù líle, òtútù àpọ̀jù. Mo tako èyí. *Òtútù* tó ń múni jẹ́ ìmọ̀lára, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀lára jẹ́ ohun tó lè sọnù nínú àìsàn yìí. *Òtútù àyà* sì ti gba àyè mìíràn nínú ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ti inú gbólóhùn (3) wá, kí *ara* sì wà nínú rẹ̀: *ara rẹ̀ ti tutù jù*. Bí a bá nílò ọ̀rọ̀-orúkọ, *títutùjù ara* ṣe é lò. Gbólóhùn náà gùn ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ kàn.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ èyí. Mo rọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ tàbí ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ti Tógò wá pé kí ó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ẹ ṣe ń sọ ohun tí ẹni tó wà nínú ọyẹ́ ń mọ̀ lára; báwo ni ẹ ṣe ń sọ ohun tí ẹ rí tí ara rẹ̀ ń ṣe; báwo ni ẹ ṣe ń sọ ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ nígbà tí ẹ bá fi kàn án? Kí ó má ṣe fi Faransé béèrè, kí ìdáhùn má baà tẹ̀lé ìlànà Faransé. Kí ó kọ olùwà àti àbọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ìpínyà mẹ́ta náà bá wà nínú gbogbo ẹ̀ka èdè wa, a ní ohun tí a lè fi kọ́ àwọn tó ń dúró lójú ọ̀nà eré láìdúró de ọ̀rọ̀ tuntun kankan.